Àgbà Kì Í Kúnlẹ̀ Níbí: Màmá Ilare Bí Mo Ṣe Mọ̀ Wọ́n

Bí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ Màmá Ilare, n kì í lè jókòó. Níbi ìsìn ìdágbére wọn, àyè ránpẹ́ ni wọ́n fún mi, mo sì ti fi ẹ̀rín jẹ ìdajì rẹ̀ kí n tó la gbólóhùn kan já. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Ẹkún kọ́. Mo ti sunkún tèmi tán nílé. Ayọ̀ ló ń gbọ̀n mí, pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà láyé, pé mo bá wọn gbé, pé èmi ni mo jogún imú ńlá wọn. Màmá a máa pè mí ní Tọ́pẹ́ ẹlẹ́nu agogo. Ẹ jẹ́ kí agogo náà dún díẹ̀ níbí, nítorí kò sí alága ètò tí yóò ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀.

Màmá Ilare, tí à ń fi orúkọ àdúgbò wọn ní Ifẹ̀ pè, ni ìyá tó bí bàbá mi. Ògbufọ̀ ni wọ́n ní kóòtù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì: adájọ́ á sọ òyìnbó, Màmá á sọ ọ́ di Yorùbá fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, onítọ̀hún á fèsì, Màmá á tún sọ ọ́ di òyìnbó. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń sin adìẹ, Màmá gba ipò alága ìgbìmọ̀ Àtúnjókòó. Ẹgbẹ́ kékeré ni Àtúnjókòó, kò sí fún èrè. Bí ẹnìkan bá ṣẹ ẹnìkejì, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di ti ẹ̀wọ̀n, ẹgbẹ́ náà á mú àwọn méjèèjì jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ á sọ ohun tó ṣe, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sọ ohun tó dùn ún àti ohun tó fẹ́, wọ́n á sì jọ wá bí wọ́n á ṣe tún un ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló ń gba owó oṣù níbẹ̀. Ní ti ìgbìmọ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àti owó ọkọ̀, àti omi tí wọ́n ń mu, àpò kálukú ló ti ń jáde.

Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló kó wọn sí irú iṣẹ́ yìí, nígbà tí eékún ń dùn wọ́n tí ibùsùn sì wà nílé. Wọ́n sọ ìtàn obìnrin kan fún mi, tí ọmọ àdúgbò fọ́ ilé rẹ̀. Kóòtù pè é kó wá jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí, wọ́n ní ó ṣeun, wọ́n ní kó máa lọ, ẹjọ́ náà sì ń bá a lọ láàárín ìjọba àti ọmọ yẹn bí ẹni pé ilé ìjọba ni wọ́n fọ́. Bí obìnrin náà ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó tẹ̀ sí wọn létí. Màmá ní nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ti túmọ̀ láyé àwọn, èyí nìkan ni àwọn kò rí ẹni tí àwọn ó túmọ̀ rẹ̀ fún: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló máa bi mí ní tèmi?"

Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi fẹ́ràn òwe tó ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó bá pa á níwájú wọn ti kó wàhálà. Wọ́n á ní àwọn ti lo ọjọ́ ayé àwọn ní kóòtù, àwọn mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹni tó ń pòwe lọ, ẹsẹ̀ tó gbé èèyàn débẹ̀ náà ló lè gbé e padà sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí inú bá wá bí wọn dáadáa, wọ́n á kúrò nínú Yorùbá kóòtù, wọ́n á bọ́ sínú èdè Ifẹ̀ pọ́nńbélé, àwa ọmọ ilé á sì mọ̀ pé ká tètè wá nǹkan ṣe.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé! Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ló yá wọn ní kíláàsì kan láàárọ̀ Sátidé. Àga ọmọ kékeré ni àga ibẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ewé. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìgbìmọ̀ ń jókòó: Màmá, Alfa Súlè tó jẹ́ igbákejì wọn, Prófẹ́sọ̀ Àlàbí, ọmọ Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì, àti àwọn yòókù. Prófẹ́sọ̀ ga bí òpó iná. Bó bá jókòó síbẹ̀, eékún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó bẹ Màmá títí pé kí òun ra àga gidi. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní adájọ́ lókè, ẹlẹ́jọ́ nílẹ̀, àwọn ti rí ìyẹn tó. "Kò sẹ́ni tó lè gbéra ga lórí àga jẹ́lé-ó-sinmi."

Bí wọ́n ṣe ń darí ìpàdé nìkan tó ìwé kà. Súìtì mínǹtì kì í wọ́n nínú báàgì wọn. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò mọ ibi tí yóò sùn, Màmá kò ní dá a dúró. Wọ́n á yọ súìtì kan, wọ́n á fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ nílé kì í kọ ohun tí àgbà bá fi fún un. Ó di dandan kó fi sẹ́nu, bó bá sì ti fi sẹ́nu, ó di dandan kó dákẹ́. Prófẹ́sọ̀ ló jẹ súìtì jù nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ wá sí Ilare, ó fi ẹ̀rín fẹjọ́ sùn pé eyín ọkọ òun ti ń dùn ún. Màmá ní: "Kó máa sọ̀rọ̀ níwọ̀n, eyín á sàn."

Wọ́n fẹ́ràn ìjà o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ òkú. Wọ́n bá olóṣèlú kan jà tó fẹ́ di bàbá ìsàlẹ̀ Àtúnjókòó kó lè lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n bá àwọn tó ń fi owó ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ jà, nígbà tí àlejò kan láti ọ̀dọ̀ wọn ní òun fẹ́ ya fọ́tò ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ níbi tí wọ́n ti dì mọ́ra wọn. Prófẹ́sọ̀ ti ń tún táì rẹ̀ ṣe kó lè hàn nínú fọ́tò náà. Màmá bi àlejò yẹn bóyá ó ti dì mọ́ ẹni tó jà á lólè rí. Ó ní rárá. Màmá fún un ní súìtì, wọ́n sì nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. "Bó bá jẹ́ àwọn tó ń dì mọ́ra lẹ ń wá, wọ́n ń gbéyàwó níbẹ̀ yẹn lónìí."

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àbímọ́ ni ọgbọ́n yìí. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi Káyọ̀dé wà ní kékeré lọ́dọ̀ wọn, bí gbogbo àgbà ṣe ń parí ìjà làwọn náà ṣe ń parí tiwọn. Káyọ̀dé á ṣẹ́ rúlà mi, á sá sẹ́yìn Màmá. Màmá á ní, "Tọ́pẹ́, dárí jì í, nítorí tèmi." Kí lèèyàn ó wí? Bí o bá ní o ò dárí jì í, kì í ṣe Káyọ̀dé lo kọ̀ fún mọ́, Màmá lo kọ̀ fún. Èmi á ní mo ti dárí jì í, ẹnu mi á gùn síwájú, rúlà mi á sì wà ní ṣíṣẹ́. Gbogbo wa la mọ "nítorí tèmi". Ó ti parí ìjà nílẹ̀ yìí ju ọlọ́pàá lọ. Òun náà ló sì fẹ́ ba iṣẹ́ Màmá jẹ́.

Aránṣọ kan wà ní àdúgbò Òkèrèwè tó ń jẹ́ Rùkáyà. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ orúkọ òun sí i gbangba, ó ti rẹ òun láti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, pẹ̀lú gbogbo aṣọ tí àwọn oníbàárà kó wá. Gbénga, káfíńtà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ló dáná sun èérún pákó tó sì bá tirẹ̀ lọ. Rùkáyà rí iná náà kó tó lọ kírun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa padà, àdúgbò ti gbà pé áyọ̀nù ló gbàgbé sórí iná. Wọ́n ń pè é ní Aláyọ̀nù. Gbénga ń gbọ́, ó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé Àtúnjókòó. Àwọn ẹbí Gbénga gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wá, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó dúró ti Màmá gbágbágbá nígbà tí bàbá àgbà wa kú. Gbénga ní kí Rùkáyà má bínú sí òun lórí ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀. Rùkáyà ní ẹ̀rọ dára, ṣùgbọ́n ohun tí òun fẹ́ ni kí Gbénga sọ ọ́ lójú àdúgbò pé òun ló dáná, kí orúkọ òun lè padà. Gbénga ń wolẹ̀. Oòrùn mú, wọ́n ti jókòó pẹ́, ohùn Rùkáyà kò yí. Ni Màmá bá dìde lórí àga kékeré yẹn, tàwọn ti eékún tó ń dùn wọ́n, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ẹni tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ní: "Rùkáyà, gba ẹ̀rọ yìí, jẹ́ kó tán síbí, nítorí tèmi."

Gbogbo kíláàsì kígbe. Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé! Rùkáyà dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ní kí Màmá jọ̀ọ́ dìde, òun ti gbà, ó ti tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Prófẹ́sọ̀ ní òun kò rí irú ìrẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo wa nílé sì ń fi Màmá yangàn. Iléèwé girama ni mo ti ń ṣe tíṣà, kò sì sí tíṣà kan níbẹ̀ tí kò gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó fi mọ́tò gbé Màmá lọ sí Mayfair, àdúgbò mìíràn ní Ifẹ̀, láti lọ gba aṣọ mi lọ́wọ́ aránṣọ kan. Obìnrin kan jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù ẹlòmíràn. Ó rí Màmá, ó kúnlẹ̀ kí wọn, kò gbójú sókè. Rùkáyà ni. Màmá bi í pé kí ló ń ṣe níbí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́, ẹ̀rọ ńkọ́. Ó ní òun ti ta ẹ̀rọ. Ta ló fẹ́ gbé aṣọ fún Aláyọ̀nù? Màmá ní ṣebí wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ní òun gbà. Rùkáyà fi eyín já òwú, ó sì dáhùn pẹ̀lẹ́, láìsí ìbínú kankan: "Màmá, ẹ kúnlẹ̀ fún mi. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Bí a ti ń bọ̀ nílé, èmi ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Súìtì kan wà lọ́wọ́ Màmá tí wọn kò tú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Màmá wo ẹ̀yìn láti Mayfair títí dé Ilare. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ilé gbóná. Màmá sọ fún ìgbìmọ̀ pé àwọn fẹ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀, pé kí wọ́n lọ pe Rùkáyà, kí Alfa Súlè sì gba ipò alága lójú ẹsẹ̀. Alfa ní ìrẹ̀lẹ̀ ni Màmá ṣe, Ọlọ́run ló mọ èrò ọkàn. Prófẹ́sọ̀ bínú, ó bínú gan-an, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀: bí ìlú bá gbọ́ pé alága Àtúnjókòó fúnra rẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀, ta ló tún máa gbé ọ̀rọ̀ wá? Àwọn tó ń fi owó ràn wọ́n á lọ, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ó bẹ Màmá kí wọ́n lọ bá Rùkáyà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kó parí síbẹ̀. Ó tún bi wọ́n pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú kí àgbà kúnlẹ̀.

Màmá ní, "Mo fi eékún mi dí i lẹ́nu." Wọ́n wá fọwọ́ lu àga pupa tí wọ́n jókòó lé. "Bí àga yìí bá gba Gbénga tí kò lè gbà mí, ẹ jẹ́ ká dá a padà fún àwọn ọmọ."

Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà lọ pe Rùkáyà. Ó ní òun kò wá. Alfa fẹ́ kó àwọn àgbààgbà jọ láti lọ bẹ̀ ẹ́, Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má tún fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ìdúró yẹn gùn. Màmá ń lọ sí ìpàdé, wọ́n ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọn kò dá sí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ wo ìyà tó jẹ ẹnu yẹn! Mo ní kí wọ́n kúkú jókòó sílé. Wọ́n ní ẹni tó ń retí àlejò kì í ti ilé rẹ̀ pa. Nígbà tó wá di Sátidé kan, Rùkáyà kàn ṣàdédé wọlé fúnra rẹ̀, ó ní òun ti ṣetán.

Nínú mọ́tò níta ni mo wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹnu Rùkáyà ni mo ti gbọ́ ọ. Màmá kò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Wọ́n ní: "Mo rí i pé o ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì ń wo ojú bàbá Gbénga. Mo kúnlẹ̀ kí o lè dákẹ́." Alfa bi Rùkáyà ní ohun tó fẹ́. Ó ní kí Màmá lọ sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ní Òkèrèwè, lójú ọ̀sán, níwájú ibi tí ṣọ́ọ̀bù òun wà. Màmá ní àwọn á sọ ọ́. Alfa, tí kò lè mú un mọ́ra, wá bi í bóyá ó ti dárí jì wọ́n. Kó tó la ẹnu, Màmá ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Má dá wọn lóhùn."

Áà, ọjọ́ Òkèrèwè! Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé Màmá lọ. Bàtà rọ́bà ni wọ́n wọ̀, wọ́n ní kì í ṣe òde làwọn ń lọ. Wọ́n dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tó jóná, tó ti di ibi tí wọ́n ti ń ta símẹ́ǹtì. Rùkáyà dúró sí òdìkejì ọ̀nà. Màmá fi ohùn kóòtù ké sí àdúgbò, ohùn tó máa ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìsí ẹ̀rọ. Àwọn èèyàn jáde. Wọ́n gbé àga wá, Màmá kò jókòó. Wọ́n ní ó tó, Màmá, kí wọ́n wọlé wá mu omi, wọn kò wọlé.

Wọ́n ní àwọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí iná sọ, àwọn kò sì lè sọ ẹni tó dá a. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ yìí fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì fi àgbà pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò parí o. Èmi ni mo ní ó ti parí."

Mo ti gbà lọ́kàn mi pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká máa lọ sílé. Ìgbà náà ni Gbénga jáde láti ẹ̀yìn, èérún pákó wà lórí irun rẹ̀. Bàbá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó rọra já a gbà. Àgbà tó fara bò ó tẹ́lẹ̀ ti kúrò níwájú rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ilẹ̀ ló ń wò tó fi sọ ọ́: "Èmi ni mo dáná. Kì í ṣe áyọ̀nù."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: mo tẹ fèrè mọ́tò! Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, títí Màmá fi yíjú wò mí. Ayọ̀ ń gbọ̀n mí látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n Rùkáyà kò yọ̀, kò sì sunkún. Ó sọdá ọ̀nà, ó dúró níwájú Gbénga, ó sì nawọ́ sí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Aláyọ̀nù. Ó ní: "Fèrè mọ́tò ò jẹ́ kí Ìyá Wàhídì gbọ́. Tún un sọ."

Gbénga tún un sọ, sókè.

Ìlú gbọ́ lóòótọ́, bí Prófẹ́sọ̀ ṣe wí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ sì lọ, kò padà. Ohun tí Prófẹ́sọ̀ kò rò ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ní ibi tí wọ́n ti lè sọ fún alága pé ó ṣẹ̀ làwọn fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn lọ. Rùkáyà gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Òkèrèwè, Gbénga sì kan tábìlì ìgéṣọ fún un, bí wọ́n ṣe jọ fẹnu kò. Ìgbìmọ̀ dá Màmá padà sípò. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà, kí wọ́n tó ṣí ìpàdé, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì àwọn ọmọ, wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó: Àgbà kì í kúnlẹ̀ níbí. Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà kíláàsì náà á nù ún. Bó bá di Sátidé, Màmá á tún un kọ.

Láti ìgbà yẹn, Rùkáyà ló ń rán aṣọ Màmá. Wọ́n á lọ, wọ́n á jókòó dúró de ìgbà tó bá kàn wọ́n bí gbogbo oníbàárà, bí aṣọ náà kò bá tíì yá, wọ́n á padà wá. Mo máa ń yọ wọ́n lẹ́nu bí a bá ti ń bọ̀: ṣé ó ti dárí jì yín? Wọ́n á ní, "Ṣé ìyẹn ni mo gbé aṣọ lọ fún?" Kò sí ìgbà kan tí wọ́n bi í, kí n má parọ́, mo sì rò pé wọ́n máa kú láìgbọ́ ọ. Nígbà náà, ìyẹn ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Obìnrin tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn láyè láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé òun nìkan ni kò ní gbọ́ tirẹ̀?

Lẹ́yìn ìsìnkú, a padà sílé ní Ilare. Prófẹ́sọ̀ dìde, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò mọ ibi tí yóò sùn. Mo wò ó, súìtì kan ti gbéra lọ́wọ́ Alfa Súlè, ó ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Prófẹ́sọ̀ gbà á, ó wò ó, ó fi sẹ́nu, ó sì jókòó pẹ̀lú omijé lójú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán tí Bàbá Kékeré, àbúrò Màmá, fi dìde. Wọ́n rí Rùkáyà níbi tó jókòó sí pẹ̀lú àwọn obìnrin. Wọ́n ní kó bọ́ síwájú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Sọ ọ́ lójú wa pé o ti dárí jì wọ́n, kí wọ́n lè sinmi. Nítorí tèmi." Wọ́n sì di ògiri mú, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un.

N kò mọ ìgbà tí mo dé iwájú wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bẹ̀ ẹ́." Inú bí àwọn àgbà ilé sí mi, wọ́n ní ẹnu mi ti pọ̀ jù, ní ọjọ́ òní pàápàá. N kò kúrò níwájú Bàbá. Rùkáyà di Bàbá Kékeré léjìká mú, ó gbé wọn nàró.

Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Iléyá tó kọjá ni, nínú yàrá wọn lókè yìí, èmi àti àwọn nìkan. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí."

Mo bi í pé kí ló dé tí a kò gbọ́, àwa tá a wà nínú ilé kan náà. Ó ní, "Màmá ni kò gbà. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó máa fi mí bẹ àwọn ẹlòmíràn, ẹ ó máa ní, Rùkáyà ṣáà dárí ji Màmá, ìwọ náà gbà."

Wọ́n mọ̀ wá dáadáa! Bàbá Kékeré jókòó, wọ́n ń mi orí. Èmi tí n kì í lè jókòó bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Màmá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Rùkáyà, ayọ̀ sì kún inú mi dé ọ̀fun. Mo bi í pé nígbà tó sọ ọ́ fún wọn, kí ni wọ́n wí.

Rùkáyà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n bọ súìtì sí mi lẹ́nu."